Ọdẹ́jìnmí àti Ẹbọ Ọṣẹ

Eyín-ajá-kò-fẹ̀-ó-ń-wọlé-jìnnà, Egbò-kékeré-ní-ń-tan-baba-ọmọ-jẹ, àwọn ló dífá fún Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ Òkè-Ìrókò, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ajá rẹ̀ gé Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ jẹ lọ́rùn ọwọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ọdún méjìdínlógún ni ìyá rẹ̀ fi wojú Olódùmarè kó tó bí i.

Ọjọ́ kẹta rèé tí ajá náà ti ń da itọ́, tí kò fẹnu kan oúnjẹ. Ọdẹ́jìnmí ní eegun ló há a lọ́fun. Irọ́ ni, ojú ló ń tì í. Ajá ọdẹ ya dìgbòlugi, kí ni ayé ó wí? Lówùúrọ̀ yẹn kan náà, ajá yìí gé Ẹfúnyẹmí jẹ lẹ́sẹ̀, opó amọ̀kòkò tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òun náà tọ àwọn awo lọ.

Ẹbọ kan náà ni wọ́n yàn fún àwọn méjèèjì. Kí wọ́n pọn omi ìkòkò ńlá kan, kí wọ́n mú ọṣẹ dúdú, kí wọ́n máa fọ egbò náà títí omi yóò fi tán. Wọn kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun dí ojú rẹ̀. Kí wọ́n sì tọ oníṣègùn dìgbòlugi lọ ní ìlú kejì, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Inú bí Ọdẹ́jìnmí. Ó ní ṣé aláìní ni wọ́n rí òun sí, tí wọ́n fi ń yan omi àti ọṣẹ fóun? Ó fa àgbò kalẹ̀, ó fi ẹyẹlé méjì lé e.

Àwọn awo ní, “Baba ọdẹ, ẹbọ tí a ní kí ẹ rú kọ́ nìyí.”

Ọdẹ́jìnmí fi ẹran sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó délé, ó pa ajá náà ní bòńkẹ́lẹ́. Ó sun irun rẹ̀, ó pò ó mọ́ epo, ó fi dí egbò ọmọ rẹ̀, ó sì fi aṣọ dì í pinpin. Àwẹ̀ró ní ó ń ta òun. Baba ní ọmọ ọdẹ kì í sunkún.

Ẹfúnyẹmí fọ tirẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà tọ oníṣègùn lọ.

Egbò Àwẹ̀ró tètè jinná. Áà, Ọdẹ́jìnmí yangàn! Ó ń fi àpá ọmọ han ará ìlú, ó ń bi Ẹfúnyẹmí léèrè bóyá ó ti fọ ẹsẹ̀ tán.

Nígbà tó di oṣù kejì, ojú àpá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọmọ. Ibà dé. Ìyá bu omi fún un, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀, ó kígbe, ó sá fún igbá omi. Ọdẹ́jìnmí sáré tọ àwọn awo lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní òun yóò fọ̀ ọ́ wàyí. Wọ́n dorí kodò. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n sin Àwẹ̀ró.

Ẹfúnyẹmí wá bá a kẹ́dùn. Ọdẹ́jìnmí kò lè wo ojú rẹ̀.

Ó ní, “Ẹbọ tó wù mí ni mo rú, Ẹfúnyẹmí. Ọmọ mi ni mo fi san án.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ifá kò béèrè ọlá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, etí ló ń béèrè. Ẹfúnyẹmí gbọ́, ó rú, ẹbọ rẹ̀ dà, ó darúgbó láàárín ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ọdẹ́jìnmí náà rúbọ. Èyí tí a kò ní kó rú ló rú.