Ìdí Tí Ọrùn Sípánà Fi Tẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń fọhùn, tí mẹ́káníìkì sì gbọ́dọ̀ bẹ irinṣẹ́ rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, Sípánà olórí òrùka dúró ṣánṣán bí ọmọ odó.

"Ẹni tí kò léegun ló ń tẹ̀," ló máa ń wí. Kì í kí àgbà rárá.

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gá Kóyèjọ mẹ́káníìkì fẹ́ tú nọ́ọ̀tì kan ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ìyá Nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ títí ó fi dípẹtà. Sípánà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó forí gbá ẹ́ńjìnnì, gbàù!

"Ta nìyẹn?" Ìyá Nọ́ọ̀tì bèèrè.

"Èmi ni. Ẹ tú!"

"Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò kọ́ ọ ní ìkíni nílé ni? Dọ̀bálẹ̀, kí n ríbi di orí rẹ mú."

"Èmi? Kí àyà mi kan gíríìsì?"

"Ó dáa. Dúró síta bí igi iná."

Ni Òòlù bá fò dìde. "Ẹ yàgò fún akọni!" Ìyá Nọ́ọ̀tì ló fojú sùn, rédíétọ̀ ló bà. Omi dà ṣàà!

"Òòlù!" Ọ̀gá Kóyèjọ figbe ta. "Gbogbo ara rẹ tó jẹ́ orí yìí, kò sí ọpọlọ níbì kankan?" Ó yíjú sí Sípánà. "Àwọn tó ń kó irin àlòkù ló ń lu aago bọ̀ yẹn. Bí o kò bá tú u kí wọ́n tó dé, wọn á yọ́ ọ ṣe ìkòkò."

Sípánà sáré padà sọ́dọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀tì. Ìkòkò kẹ̀! Síbẹ̀, ìgbéraga ò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Ó ṣe bí àwọn ọmọ kan ti ń ṣe: ó dúró gbọin, ó wá tẹ orí nìkan.

"Ẹ kú ilé o, mà," ló fi imú wí.

"Orí nìkan? Àyà ńkọ́?"

"Àyà ń dùn mí, mà."

"Pẹ̀lẹ́ o. Bí o ṣe kí mi yẹn ni wàá ṣe máa wà."

Ìyá Nọ́ọ̀tì di orí rẹ̀ mú, ó sì yí, kíí! Ó tú. Àmọ́ nígbà tí Sípánà fẹ́ gbọ́rùn sókè, ọrùn kọ̀.

Àwọn oní-irin-àlòkù dé. "Ọ̀gá, wíwọ́ yìí ńkọ́?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Òun nìkan ló mọ ọ̀nà kọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn sípánà olórí òrùka ti tẹ̀, tó sì ń dé ibi tí ohun tó gún régé kò lè dé. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: orí nìkan ló tẹ̀. Àyà rẹ̀ ṣì gan. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni délẹ̀.