Ìjímèrè àti Ẹ̀rọ Tí Kì í Bá Àgbà Jiyàn

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó sórí àga yẹn, ṣé ẹnu ń dùn yín ni? Àwọn ọmọ nìkan ló ń dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Hẹ̀ẹ́n, ìyẹn dáa. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé Ìjàpá lórí. Mo rí ọ, Móńjọlá, o ti ń la ẹnu láti pe Ìjàpá. Ìjàpá ń sinmi lónìí. Orí Ìjímèrè ló bà lé, bàbá tó mọ ohun gbogbo.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń wa ọkọ̀, tí ọ̀nà wọn sì dára ju tiwa lọ, Ìjímèrè ń gbé nílùú kan tó ń jẹ́ Ìdí-Emi. Òun nìkan ló ní ọkọ̀ níbẹ̀. Bó ṣe ní i, ẹ má béèrè, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní Ìjímèrè lásán. Bàbá Ìjímèrè ni. Tí o bá gbàgbé Bàbá yẹn, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé afẹ́fẹ́ ló sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nílùú yìí náà, Ìgalà lorúkọ ẹ̀. Ọdẹ ti pa bàbá ẹ̀ tipẹ́, ó ku òun àti ìyá ẹ̀. Ìgalà rí ọmọ kan fẹ́ lókè odò, ní ìkọjá ẹnubodè. Àyọ̀ká ni, ọmọ Ẹtu. Ọjà ẹnubodè ni wọ́n ti pàdé, Ìgalà ò tíì dé ilé wọn rí. Ọmọ fẹ́ ẹ, ìyá ọmọ fẹ́ ẹ. Ẹtu tó jẹ́ bàbá ọmọ ni ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ, torí pé Ìmàdò náà ń fẹ́ ọmọ, ó ń wá sílé ẹ̀, iṣu tí Ìmàdò ń gbé wá sì tóbi. Ẹtu wá ránṣẹ́ dá ọjọ́. Ó ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ẹrù ìdána Ìgalà wà níwájú òun kí òòrùn tó kan àtàrí. Bí òòrùn bá kọjá àtàrí tí ẹrù ò dé, Ìmàdò ló ń mú Àyọ̀ká lọ.

Ìyá Ìgalà ta gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ku èyí tó wà lára ẹ̀, ó fi kó ẹrù jọ. Oyin kún kèrègbè ńlá kan. Àádùn wà nínú ewé. Ìrèké wà ní ìdì, àti obì, orógbó, ataare pẹ̀lú iyọ̀. Ó rù wọ́n lọ bá Ìjímèrè, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Ìjímèrè, ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ tó bàbá fún ọmọ yìí. Ẹ bá wa kó o lọ, kẹ́ ẹ bá wa dúró níwájú àna."

Ìjímèrè wo ìyá náà, ó wo kèrègbè oyin. Kèrègbè oyin ló wò pẹ́ jù.

"Má ṣèyọnu, Ìyá Ìgalà. Ọmọ mi ni. Fi ẹrù síbẹ̀ yẹn."

Ìyá Ìgalà ń dúpẹ́ títí tó fi délé. Ohun tí Bàbá Ìjímèrè ò sọ fún un ni pé òun ò kọjá ẹnubodè rí láyé òun. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu ẹni ńlá. Ló bá mú Ìgalà dání, ó di ọ̀dọ̀ Lékèélékèé.

Lékèélékèé ló ń ta ẹ̀rọ afọ̀nàhàn. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Á máa gbọ́ ìròyìn ọ̀nà láti ojú sánmà, á sì máa sọ ibi tí awakọ̀ máa yà sí fún un. Lékèélékèé mọ ohun tó ń tà. Ọdọọdún lòun fúnra ẹ̀ ń fò lọ sókè odò tó ń fò bọ̀.

"Ibo lẹ̀ ń lọ, Bàbá?"

"Òkè odò. Ilé Ẹtu."

"Ó dáa. Ẹ̀rọ tó máa bá yín kọjá ẹnubodè, ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wò ni bóyá ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ju ìlú wa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá á sọ fún yín tẹ́ ẹ bá ṣìnà."

"Ta ló fẹ́ ṣìnà?"

"Mo kàn ní bóyá ni, Bàbá."

"Bóyá ta ni?"

Lékèélékèé fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ dúdú kan jáde, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lé Ìjímèrè lọ́wọ́.

"Yà sọ́tùn-ún," ni ẹ̀rọ wí.

Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú ìrìn. Ìjímèrè bojú wẹ̀yìn, ó rò pé ọmọdé kan ló ń bá wí. Ó wá mọ̀ọ́mọ̀ rìn lọ sósì, kí àwọn tó wà níbẹ̀ má baà rò pé ẹ̀rọ ló ń darí òun.

"O ti ṣìnà," ni ẹ̀rọ wí. "Padà."

Ojú Ìjímèrè pọ́n. "Èmi? Èmi tí mo lè bí ẹni tó bí ẹni tó ṣe é? Kò kí mi, kò bẹ̀ mí, ó ní mo ti ṣìnà. Ní gbangba."

"Bàbá, òsì lẹ lọ lóòótọ́," ni Lékèélékèé wí.

"Mo mọ̀ pé òsì ni mo lọ. Òsì ló wù mí."

Ìgalà rọra sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká mú un. Èyí mọ òkè odò."

"Dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wakọ̀ là ń sọ."

Lékèélékèé mí kanlẹ̀, ó gbé òmíràn wá. Èyí ń dán, wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sí i létí yípo. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ohùn dídùn kan jáde.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gba inú igbó, tí igbó á di títì. Tó bá wù yín, tí kò bá sì ni yín lára, ẹ yà sọ́tùn-ún."

Ìjímèrè yà sósì, ó dúró, ó ń retí.

"Ibi tẹ́ ẹ yà sí yẹn náà ni ọ̀nà, Bàbá."

Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu Ìjímèrè. Ìyàwó ilé ẹ̀ ò kí i báyìí rí, kò sì ṣàì nídìí.

Lékèélékèé ní, "Bàbá, èmi ni mò ń tà á, àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí ò mọ òkè odò. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹnubodè, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣe ló máa gbà. Ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kì í gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, á kí yín, á wá ròyìn gbogbo..."

"Á kí mi níwájú àna?"

"Á kí yín, Bàbá. Á sì tún..."

"Dì í fún mi."

Ẹ má rò pé ìkíni nìkan ló ń wá o. Ìjímèrè ti ro ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ dúdú yẹn ló wà nínú ọkọ̀, gbogbo ibi tóun bá yà sí láti fọwọ́ kan oyin ni yóò ti máa pariwo pé o ti ṣìnà, Ìgalà á sì gbọ́. Èyí tó mọ ẹni ńlá yìí, á ní ọ̀nà ni. Bí ẹrù bá wá dín, olè ló dá wọn lọ́nà. Ta ló fẹ́ jẹ́rìí?

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, wọ́n gbéra ní ìdájí. Ẹ̀rọ wà lára gíláàsì, ó ń kí Bàbá. Ìgalà wà lẹ́yìn, ó di ẹrù mú. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi oṣè kan, Ìjímèrè yà kúrò ní títì.

"Ìgalà, ọkọ̀ ń fẹ́ omi. Gbé garawa, odò wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn."

Ìgalà sáré lọ. Ìjímèrè kọjú sí ẹ̀rọ. Kò pọn dandan kó béèrè, ṣùgbọ́n ìyìn ti ń dùn mọ́ ọn.

"Ṣé kò burú kí n tọ́ oyin yìí wò, kí n mọ̀ bóyá ó yẹ àna?"

"Kò burú, Bàbá. Ẹnu yín ni ẹnu."

Ó tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. Ó tọ́ ọ wò títí kèrègbè fi fúyẹ́. Nígbà tí Ìgalà gbé omi dé, tó ń mí hẹlẹ, Ìjímèrè gba omi lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kò tó, kó lọ pọn sí i. Omi tí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ sáré pọn, inú kèrègbè oyin ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n dà á sí.

"Ṣé ó bójú mu, ẹ̀rọ?"

"Ọgbọ́n ni, Bàbá."

Wọ́n kọjá ẹnubodè. Títì pín sí méjì, àmì ojú ọ̀nà sì wà lédè tí Ìjímèrè ò gbọ́.

"Ẹ̀rọ, ibo?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Ó yan ibì kan. Ó tún dúró, ó ní kí Ìgalà lọ wò ó bóyá iwájú dáa. Kí Ìgalà tó dé, àádùn ti wọlé, iyanrìn ti wà nínú ewé. Ó tún dúró lẹ́bàá oko ọkà kan, ó tún rán Ìgalà níṣẹ́. Ó jẹ ìrèké tán, ó di pòròpórò ọkà rọ́pò ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló bi ẹ̀rọ léèrè, gbogbo ẹ̀ ni ẹ̀rọ gbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìjímèrè méjèèjì wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fèsì nígbà tí Ìgalà bi í pé ṣé eyín ń dùn ún ni.

Òòrùn ń gòkè. Ìgalà yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá, òkìtì ọ̀gán yẹn, a ti kọjá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Òkìtì ọ̀gán pọ̀ láyé."

"Aṣọ pupa tí wọ́n sá sórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ará ibí fẹ́ràn pupa."

Wọ́n tún yí lọ, wọ́n tún yí bọ̀. Òkìtì ọ̀gán tún dé, aṣọ pupa sì ti gbẹ. Ẹ̀rù wá ń ba Ìjímèrè náà díẹ̀. Ó fi ohùn kékeré bi ẹ̀rọ pé ṣé àwọn ti ṣìnà ni.

"Ẹ̀yin, Bàbá? Ìṣìnà ò mọ ilé yín."

Omi bọ́ lójú Ìgalà. "Aṣọ kan ṣoṣo ló kù lára ìyá mi. Bàbá, ẹ má bínú, mò ń sọ̀kalẹ̀."

Ó bẹ́ sílẹ̀. Ó rí Àparò, ìyá arúgbó kan tó ń wa ẹ̀pà. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ebè, ó béèrè ọ̀nà.

"Ilé Ẹtu? Látàárọ̀ lẹ ti ń kọjá ẹ̀. Ẹ yà sọ́tùn-ún níbi àràbà."

Ìgalà ò padà wọnú ọkọ̀ mọ́. Ó ń sáré níwájú, ọkọ̀ ń tẹ̀ lé e, ó sì ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "ọ̀nà jíjìn" lẹ máa wí:

Ọ̀nà ilé àna mi dà?
*Ọ̀nà jíjìn.*
Òòrùn, rọra máa rìn.
*Ọ̀nà jíjìn.*
Ìyá mi ta aṣọ tán.
*Ọ̀nà jíjìn.*
Àyọ̀ká, má tíì lọ.
*Ọ̀nà jíjìn.*

Ẹ ṣeun. Orin yẹn ló gbé wọn dé. Òjìji ti ń sápamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀, ó ku díẹ̀ kí òòrùn kan àtàrí. Ìmàdò ti jókòó sábẹ́ igi, iṣu wà níwájú ẹ̀. Àyọ̀ká dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ẹ̀ ti wú.

Ẹtu wòkè. "Òòrùn ò tíì kọjá. Ẹ sọ ẹrù."

Wọ́n sọ ọ́. Ẹtu ti ìka bọ kèrègbè, ó lá a.

"Omi."

Ó tú ewé àádùn. Iyanrìn dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó fa ọ̀kan yọ nínú ìdì ìrèké, ó gé e jẹ, ó tu ú dànù. Ìmàdò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń kó iṣu ẹ̀ sún mọ́ iwájú.

Ìjímèrè wá sọ̀kalẹ̀, ó tún aṣọ ṣe. "Àna wa, olè ló dá wa lọ́nà." Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò wọ Ẹtu létí, ló bá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ rárá, àmọ́ ọmọ yìí ló jókòó ti ẹrù látàárọ̀. Ebi máa ń pa àwọn ọ̀dọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ kúnlẹ̀ fún un nítorí ẹ̀. Ẹtu ti ń yíjú sí Ìmàdò nígbà tí ohùn dídùn kan jáde látinú ọkọ̀.

"Ẹ kú oríire, Bàbá wa. A ti dé. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìrìn àjò yín fún àna. Nídìí igi oṣè, Bàbá bi mí bóyá kí wọ́n tọ́ oyin wò. Mo ní kò burú. Wọ́n tọ́ ọ tán. Wọ́n rọ omi sí i. Mo ní ọgbọ́n ni."

Ìjímèrè fò mọ́ gíláàsì, ó fọwọ́ bò ó. Ohùn gba àárín ìka ẹ̀ jáde.

"Lẹ́yìn ẹnubodè, Bàbá jẹ àádùn. Wọ́n fi iyanrìn dípò. Iyanrìn náà kúnná."

"Irọ́ ni," ni Ìjímèrè wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè pa á bíi tiyín."

"Dákẹ́."

"Màá dákẹ́, Bàbá. Ó ku ìrèké ni."

Ẹtu ò rẹ́rìn-ín. Ó bi ẹ̀rọ pé, "Ta ló wá mọ ọ̀nà ilé mi?"

"Ìgalà ló sáré níwájú. Bàbá fi í sílẹ̀ kó sáré."

Ẹtu wo ẹsẹ̀ Ìgalà. Eruku dé orúnkún, ẹ̀jẹ̀ wà ní pátákò. Ó yíjú sí Ìmàdò. "Máa gbé iṣu ẹ lọ. Ẹni tó sáré báyìí dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, òun ni mo fún." Ó wá yíjú sí Ìjímèrè. "Ọkọ̀ yìí dúró dípò ohun tẹ́ ẹ jẹ. Òun ló máa gbé ìyàwó relé, òun náà lá máa gbé ìyá Ìgalà lọ sọ́jà. Ẹ̀rọ yín rèé, Bàbá. Ó mọyì yín gan-an ni."

Àyọ̀ká ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgalà, ó ń fi etí aṣọ nu ẹsẹ̀ ẹ̀. Wọ́n fẹ́ra wọn lọ́jọ́ náà. Gbogbo oríta ni wọ́n ti ń béèrè ọ̀nà títí wọ́n fi délé.

Ìjímèrè fẹsẹ̀ rìn. Ó yà sósì, ẹ̀rọ ní ọ̀nà ni. Ó yà sọ́tùn-ún, ẹ̀rọ ní ọ̀nà ni. Kò délé títí di òní. Bẹ́ ẹ bá rí i láàárín ọ̀dàn, á nàró lórí ẹsẹ̀ méjì, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Ẹ̀ ń rò pé ẹ̀yin ló ń wò. Ó ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ fún un pé ó ti ṣìnà.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e kalẹ̀ síwájú ọmọdé àti àgbà: bẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa fọ̀nà hàn yín, ẹ wá èyí tó lè sọ fún yín pé ẹ ti ṣìnà, ì báà má kí yín. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ẹ̀rọ Ìjímèrè máa yìn mí títí ilẹ̀ á fi mọ́.