Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Kọ́lé Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Tí Ẹnu Rẹ̀ Kì Í sì Í Dákẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀gà ṣì jẹ́ ẹyẹ tí kì í pariwo, ilé kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀gà ń gbé. Ilé náà wà lórí igi àràbà kan létí odò. Ó tóbi tó àká àgbàdo mẹ́ta. Ẹnu ọ̀nà kan ló ní, òrùlé kan ló ní, ọgọ́fà ìdílé ló sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ̀gà kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀ láti yàrá rẹ̀, kò ní í lanu pariwo. Yóò kàn fi ìyẹ́ kan ògiri, ẹni tó wà ní yàrá kejì yóò sì mọ̀ pé oúnjẹ ti dé, tàbí pé àṣá ń bọ̀. Ẹni yẹn náà yóò fi ìyẹ́ kan ògiri tirẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń káàkiri láìsí ariwo.

Òfin méjì ló ń ṣàkóso ilé náà. Èkíní ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi yàrá kún un gbọ́dọ̀ hun fọ́nrán ewé tirẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Èkejì ni pé a kì í tú fọ́nrán kankan nígbà tí ẹ̀gà kan bá ṣì wà nínú ilé. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jáde kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀.

Ọnàdélé ni olórí ilé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Baba ńlá rẹ̀ ló fi òfin méjèèjì lélẹ̀. Nígbà tí ilé ṣì kéré, òfin náà dára. Nígbà tó di ọgọ́fà ìdílé, kò sí ẹni tó mọ fọ́nrán wo ló di èwo mú mọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Bánkọ́lé. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó fẹ́ mú kí ẹnu yàrá rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ilé jáde fún un. Fọ́nrán kan péré ló tú. Ní yàrá keje sí tirẹ̀, ilẹ̀ yàrá Àwẹ̀ró là, ẹyin mẹ́ta sì já sínú odò.

Lọ́dún kejì, òrùlé ń jò. Gbogbo ilé tún jáde. Àtúnṣe náà gba ọjọ́ méjì, ẹyin Àwẹ̀ró tutù, wọn kò sì di ọmọ mọ́.

Ọnàdélé bá a kẹ́dùn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó ní ẹyin á tún wà.

Lọ́dún kẹta, Àwẹ̀ró tún yé ẹyin mẹ́ta. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní í pẹ́ dé, òrùlé sì tún ti ń jẹrà.

Láyé ìgbà náà, àwọn ẹyẹ máa ń péjọ lórí àpáta kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kan dunjú á dìde, á sọ bí a ti ń ṣe é. Lọ́dún yẹn, Àkókó sọ̀rọ̀ lórí igi gbígbẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí Òwìwí fi sùn, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni, Òwìwí ì bá ti sùn náà ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pe Alápàńdẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹyẹ tí kò mọ̀ ọ́n. Láti inú ìkùukùu ló ti máa ń wá, kò sí ibi tí kò dé, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ló sì máa ń sọ níbikíbi tí wọ́n bá pè é sí. Ilé tirẹ̀ jẹ́ amọ̀. Ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ àpáta, kò kan ilẹ̀.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ sọ pé ilé tó bá kó gbogbo ẹbí sínú, gbogbo ẹbí ló máa bá a ṣubú. Ó ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, kí ilé náà kéré, kí ó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kí ó wà nítòsí àwọn yòókù láì so mọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá já, àwọn yòókù á máa bá oorun wọn lọ.

Ọnàdélé wo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń fi itọ́ po amọ̀ ló fẹ́ kọ́ wa ní ilé híhun."

Àwọn ẹyẹ rẹ́rìn-ín. Alápàńdẹ̀dẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," ó wí. "N ò lè hun fọ́nrán kan. Ṣùgbọ́n ilé tó wó tí mo ti rí pọ̀ ju ilé tí ẹ ti wọ̀ lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ ìyẹ́ fún un. Ibi tó yẹ kó parí sí nìyẹn. Àmọ́ Àwẹ̀ró dìde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gà tí kì í ṣe olórí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Bánkọ́lé ló ń sàba lé ẹyin nílé. Ó ti bẹ̀ ẹ́ kó má pẹ́.

"Ẹ ṣeun, ìyá," Àwẹ̀ró wí. "Mo gbọ́ ilé tí à ń lọ. N ò gbọ́ ibi tí ẹyin mi máa wà lọ́jọ́ tí a bá ń lọ."

Alápàńdẹ̀dẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé mẹ́rìndínlógún, ẹnikẹ́ni kò béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó jẹ́wọ́ fún un pé òun kò mọ̀. Ó ní ilé tó ti wó tán ni òun máa ń bá àwọn ẹyẹ tún kọ́, òun kò bá ẹni tó ṣì ń gbé inú ilé tirẹ̀ kó rí.

Ìpàdé tú ká. Nígbà tí àwọn ẹ̀gà délé, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ kan ògiri láti yàrá dé yàrá. Ilé kéékèèké ni wọ́n ń fẹ́. Ọnàdélé kò fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé àwọn ará ilé ti fara mọ́ ọn, ó gbà. Ọ̀nà tó mọ̀ ló sì fi gbà á. Ó ní ẹ̀gà kì í ṣe nǹkan ní ìdajì. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ilé yóò jáde, wọn yóò tú ilé náà láti òrùlé dé ìsàlẹ̀, wọn yóò sì fi fọ́nrán inú rẹ̀ hun àwọn ilé tuntun.

Àwẹ̀ró lọ bá a lókè. Ó bẹ̀ ẹ́ kó fún òun ní ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹyin fi pa. Ọnàdélé ní òjò kì í dúró de ẹyin. Ó ní kó má banú jẹ́, ẹyin á tún wà.

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá," Àwẹ̀ró wí, ó sì padà lọ sàba lé ẹyin rẹ̀.

Ìbéèrè Àwẹ̀ró kò kúrò lọ́kàn Alápàńdẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń retí rẹ̀ ní ìpàdé mìíràn lápá òkè, kò lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó dé ìdí àràbà. Ó yí ilé náà ká nígbà méje kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀pẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àràbà. Ọdán ti hù lára ọ̀pẹ náà. Ó ti fi gbòǹgbò wé e láti òkè dé ilẹ̀, ewé rẹ̀ sì ti ń pọ̀ ju ti ọ̀pẹ lọ.

Ó pe Àwẹ̀ró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kó wo ọdán yẹn dáadáa. Ọdán kò ní kí ọ̀pẹ kọ́kọ́ ṣubú kí òun tó yọ ewé. Ewé kan ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà òmíràn. Ọ̀pẹ ṣì dúró, bẹ́ẹ̀ igi mìíràn ti wà níbẹ̀.

"Nítorí náà, kí ẹ kọ́kọ́ kó tiwa," Àwẹ̀ró wí.

"Rárá, ọmọ mi. Tiyín ló máa gbẹ̀yìn. Ẹyin kò ṣeé kó. Ilé àtijọ́ ló máa gbé ẹ títí àwọn ẹyin náà yóò fi pa. Ohun tó bá rọrùn láti kó la ó kọ́kọ́ kó."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, gbogbo ẹ̀gà jáde, wọ́n bà sórí ẹ̀ka. Ọnàdélé kà wọ́n. Ó ku ẹnìkan. Ó fò lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Àwẹ̀ró, ìwọ nìkan là ń retí."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Òfin ní kí gbogbo wa jáde."

"Òfin ní a kì í tú fọ́nrán nígbà tí ẹnìkan bá wà nínú ilé. Mo wà nínú ilé."

Ọkùnrin tó mú ẹnu yàrá rẹ̀ fẹ̀ lọ́jọ́sí sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo Ọnàdélé. Òfin baba ńlá rẹ̀ ni. Bí ó bá rú u, kò sí ẹni tó tún máa bọ̀wọ̀ fún èyí tó kù.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ bà sí tòsí rẹ̀. "Ẹ má tú u, Bàbá," ó wí. "Ẹ kàn máa jáde nínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọnàdélé wo ojú ọ̀run, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì gbà.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọn kò lè tú fọ́nrán ilé àtijọ́, wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi hun ilé tuntun. Bánkọ́lé ló kọ́kọ́ fò lọ sórí ọ̀pẹ. Ó fi ẹnu gé etí ewé ọ̀pẹ kan, ó fà á ya títí dé ìparí, ó sì fi hun ilé kan rọ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ náà. Ó dojú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí òjò má ba à wọlé. Ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, tí kò ní ẹrù kankan, ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó sùn níbẹ̀. Ilé náà dúró. Lọ́jọ́ kejì tí kíkó ti bẹ̀rẹ̀, ìdílé mẹ́rin kó. Lọ́jọ́ kẹta, mọ́kànlá, iye wọn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́jọ́ keje. Ìdílé tó kù nínú ilé àtijọ́ kò ju mẹ́sàn-án lọ. Òrùlé fa omi mu, ẹ̀ka àràbà tẹ̀, gbogbo wọn sì rí i kedere pé ká ní ọgọ́fà ìdílé ló wà nínú rẹ̀ ni, ẹ̀ka náà ì bá dá. Òrùlé là lókè yàrá Àwẹ̀ró. Ọnàdélé, tí kò tíì kó, wá dúró síbi tó là náà, ó na ìyẹ́ méjèèjì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹyin méjì pa. Ìkẹta kò pa.

Ilé àtijọ́ dúró títí ìyẹ́ fi hù lára àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n kó tán, atẹ́gùn kan fẹ́ lọ́sàn-án, ilé náà sì já sínú odò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àṣá yọ láti òkè odò. Ẹ̀gà tó kọ́kọ́ rí i ṣe bó ti máa ń ṣe, ó fi ìyẹ́ kan ògiri. Ògiri mì, ṣùgbọ́n kò sí yàrá kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ni. Ìkìlọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àṣá gbé ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ sùn ní ilé tuntun lọ.

Nígbà tí àṣá tún padà, Àwẹ̀ró lanu. Ó pariwo, irú èyí tí ẹ̀gà kò pa rí. Ilé kejì dá a lóhùn, ilé kẹta dá ìyẹn lóhùn, títí gbogbo ọ̀pẹ fi ń dún. Àṣá yípo lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alápàńdẹ̀dẹ̀ gbọ́ ariwo wọn kó tó rí ọ̀pẹ. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Àwẹ̀ró sì sọ fún un, kò fi ti ọmọkùnrin náà pamọ́.

"N ò sọ èyí fún yín," Alápàńdẹ̀dẹ̀ wí.

"Ẹ kò mọ̀ ọ́n, ìyá. Ẹ máa sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ tún máa kọ́ lẹ́yìn wa."

Láti ọjọ́ náà ni Alápàńdẹ̀dẹ̀ kì í ti í dé ìdí ilé kan láì kọ́kọ́ yí i ká. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń fa ewé ọ̀pẹ ya, tó ń hun ilé kéékèèké rọ̀ sórí imọ̀, tó ń dojú ẹnu ọ̀nà kọ ilẹ̀. Bí ilé ọ̀kan kò bá dára, tirẹ̀ nìkan ló ń tú.

Láti ọjọ́ náà náà ni ẹnu ẹ̀gà kò ti dákẹ́ mọ́. Ẹni tó bá kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ á rò pé ìjà ni. Kì í ṣe ìjà. Ilé kan ló ń sọ pé òun wà níbí, tó sì ń béèrè bóyá èkejì ṣì wà.