Ẹ Fún Un ní Méjì

Oyèníran, gbé lẹ́tà yẹn kalẹ̀ ná. Mo ti kà á. Wọ́n fẹ́ fi ọ́ jẹ alága ẹgbẹ́ yín ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ sì fẹ́ kí èmi tí mo kọ́ ọ ní a, b, d wá sọ̀rọ̀ lórí àánú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. O ní kí n jẹ́ kí ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. N kò ní ẹ̀rín nínú lónìí. Jókòó sórí àga yẹn, kí n kọ́kọ́ sọ tìrẹ fún ọ, kí n tó mọ̀ bóyá màá sọ tiwọn.

Télọ̀ kan wà, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa níbí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Ọlọ́run kò sì fún wọn lọ́mọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, ìlú tí ó sì wà tó ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Inú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni télọ̀ náà ń gbé.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ń ṣoore fún aráàlú. Ẹgbẹ́ Aláàánú ni wọ́n ń jẹ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé. Akọ̀wé á pe orúkọ, ẹni tí wọ́n bá pè á dìde, á ní, "Mo wà fún aráyé." Lẹ́yìn náà wọ́n á jẹun, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á kọrin pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n kan bẹ́ǹṣì fún ilé ìwé, wọ́n sì ra awò ojú fún àwọn arúgbó.

Ọdún mọ́kànlá ni télọ̀ yìí fi wà láàárín wọn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló máa ń to àga. Àga tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kóòtù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń wọ̀ jáde, òun ló rán gbogbo rẹ̀. Ó mọ èjìká olúkúlùkù wọn. Èjìká òsì alága rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ; télọ̀ fi aṣọ tẹ́ inú kóòtù rẹ̀ kí ó lè dọ́gba, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Alága fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìpàdé. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí apá ọ̀tún rẹ̀ fi kú mọ́ ọn lára. Ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Ahọ́n rẹ̀ wúwo lẹ́nu, ó sì ṣubú. Ọlọ́kadà kan tí kò rí i rí ló dúró, ó bẹ èrò ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó bá òun di aláìsàn náà mú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Fóònù rẹ̀ ti sọnù sójú títì. Nígbà tí wọ́n tú àpò rẹ̀ wò, téèpù ìwọnṣọ nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀.

Wọ́n bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó ń gbọ́ wọn, ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò gbé e jáde. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ tí ó fi ń kọ̀wé gan-an ni àìsàn mú. Wọ́n bá kọ ọ́ sára bẹ́ẹ̀dì pé "Ẹni àìmọ̀". Dókítà ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé e kúrò láìjẹ́ pé ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n tẹ̀lé e, tí ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Ohun tí ọkùnrin yìí nílò kí ó má baà kú kò ju pé kí ẹnì kan wọlé, kí ó wò ó, kí ó sọ pé: "Mo mọ ẹni yìí. Lágbájá ni."

Nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò sí ìdáhùn. Akọ̀wé fa ìlà pupa sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó tún fa òmíràn. Ẹnì kan gbé báàgì rẹ̀ sórí àga télọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, wọ́n gbé àga náà fún àlejò. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Télọ̀ wa ńkọ́?" Èkejì ní, "Bóyá aṣọ ọdún ló dí i lọ́wọ́." Ẹni kẹta ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ wá kó tó tutù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibi tí wọ́n jókòó sí. "Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹni," wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri tí wọ́n kẹ́yìn sí. Inú ń bí mi, Oyèníran. Má sọ pé kí n rọra.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni Ọjọ́ Àánú wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń lọ kí àwọn aláìsàn. Ọgbọ̀n ènìyàn ló wọ kóòtù búlúù. Wọ́n di ọṣẹ, ṣúgà àti bisikíìtì sínú àpò ọ̀rá tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀, wọ́n háyà ẹni tí yóò ya fọ́tò, wọ́n sì forí lé ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn wo? Èyí náà ni.

Télọ̀ rí wọn lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Kò tíì rí ojú alága tó fi mọ̀ ọ́n. Èjìká tí òun fúnra rẹ̀ fi aṣọ tẹ́ ló fi mọ̀ ọ́n. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e débẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé àwọn ọmọ ìyá òun ti dé. Ó rò pé òun ni wọ́n wá wá.

Wọ́n ń bọ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Alága á na àpò, aláìsàn á na ọwọ́, gbogbo wọn á kọjú sí kámẹ́rà, iná á kọ mànà, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ télọ̀, nọ́ọ̀sì dá wọn dúró. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Bàbá yìí, a ò mẹni tí wọ́n jẹ́. Ojú títì ni wọ́n ti gbé wọn wá. Ẹ bá wa wo ojú wọn dáadáa, bóyá ẹnì kan nínú yín á mọ̀ wọ́n."

Alága wo nọ́ọ̀sì. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yà! Ó mà ṣe o. Ẹ fún un ní méjì."

Wọ́n fún un ní méjì. Ọkùnrin tí kò lè gbé omi mì, wọ́n gbé àpò bisikíìtì méjì lé e láyà. Ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un di etí kóòtù alága mú. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ etí kóòtù náà. Ó dì í mú pinpin, ó ń kérora, ó ń wo alága lójú. Alága ń tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ó ní, "Ẹ wò ó, ó ń dúpẹ́." Àwọn tó kù pàtẹ́wọ́.

Má sọ fún mi pé irùngbọ̀n ti bò ó lójú. Má sọ pé ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé ó ti rù. Mo mọ̀ pé ó ti rù. Ọgbọ̀n ènìyàn! Ọdún mọ́kànlá! Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣé ẹni tí ń pín ọṣẹ ni kò wá ní lè ríran? Wọ́n rí aláìsàn, wọ́n rí oore tí àwọn ń ṣe, wọ́n rí ibi tí kámẹ́rà wà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú ọ̀hún gan-an ni ẹnì kankan nínú wọn kò wò. Ọlọ́kadà tí kò mọ̀ ọ́n rí wò ó jù wọ́n lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìlà pupa pé mẹ́rin. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá pa ìpàdé mẹ́rin jẹ láìkọ̀wé, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n dìbò, gbogbo wọn nawọ́ sókè. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n sì rán ẹnì kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹni náà rí i pé eruku ti bo àgádágodo. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí aṣọ àwọn oníbàárà tí wọ́n ṣì fi kọ́. Ó ti lẹ́tà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, télọ̀ kú. Nígbà tí ẹnì kankan kò wá béèrè rẹ̀, wọ́n sin ín síbi tí wọ́n ń sin àwọn tí kò lẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pe fóònù rẹ̀ títí ó fi sú u. Arúgbó ni, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ń ríran bàìbàì. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó wọkọ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ sọ fún un pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn rò pé àbúrò rẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í tán lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá pe òun. Ó bá wọn lórí oúnjẹ. Akọ̀wé ṣí ìwé, ó wo ìlà pupa mẹ́rin, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹni tí ẹ ń wá kò sí lára wa mọ́. Òun náà ni kò wá mọ́."

Ìyá náà gbójú sókè. Fọ́tò Ọjọ́ Àánú wà lára ògiri nínú férémù, ó fẹ̀ tó ojú tábìlì. Alága wà nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, aláìsàn kan sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí àpò méjì wà láyà rẹ̀. Ìyá sún mọ́ ọn. Ojú kan tó kù yẹn ló fi wò ó. Ó figbe ta: "Àdìgún! Àdìgún mi rè é! Ẹ̀yin lẹ dúró tì í yìí! Ibo lẹ gbé e sí?"

Wọ́n pa oúnjẹ tì, wọ́n sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹlòmíràn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì mú wọn lọ wo òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, nítorí wọn kò ní orúkọ tí wọ́n lè kọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé. Wọ́n ní àwọn yóò fi orúkọ náà sọ gbọ̀ngàn ìpàdé. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá kí ó wá gé rìbọ́ǹnì. Ó ní òun kò wá. Ó ní, "Ìgbà tí orúkọ yẹn ì bá gbà á là, ẹ ò pè é."

Oyèníran, wò mí lójú. Nígbà tí o wọlé, mo bi ọ́ léèrè Àjíbóyè. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni ẹ jókòó sí fún ọdún mẹ́fà. Ẹgbẹ́ kan náà lẹ wà dòní. O dá mi lóhùn pé, "Tíṣà, a ò rí i láti oṣù kejì. Ó jọ pé ó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀." Ó jọ! Ta ló lọ wò ó nínú yín? O kó ogójì àpò ìrẹsì jọ fún àwọn tí o kò mọ̀, o kò lè kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń bù ọ́ ní ìdajì ẹ̀wà rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ kò ní. Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwọ kò tíì wo ilé, o wá ní kí n wá yìn ọ́ lóde. Ojú tì mí pé èmi ni mo kọ́ ọ.

N kò ní kí ẹ má ṣàánú mọ́. Ebi ń pa àwọn tó fẹ́ jẹ ìrẹsì yín, kò sí àní-àní. Mo ní kí o máa wo ojú ẹni tí o ń fún. Bẹ̀rẹ̀ lára àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé yín.

N kò mọ ohun tó ṣe Àjíbóyè. Ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ ìtìjú, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ọ̀hún mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n kò ní bẹ̀ ọ́. Dìde. Má mú àpò kankan dání, má sì pe ẹni tí ń ya fọ́tò. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, má kọ̀wé sílẹ̀ kí o wá yí ẹ̀yìn padà. Máa ké pe orúkọ rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi ṣílẹ̀kùn fún ọ. Bí o bá bá a láàyè, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá síbí, màá sì wá sọ̀rọ̀ yín ní Sátidé. Bí o bá ti pẹ́ jù, má bá mi dárúkọ àánú mọ́ láyé.