Ọ̀rọ̀ Tí Dókítà Kò Rí Sọ Tán

Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá àgbà kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ béèrè pé, "Kí ni dókítà fẹ́ sọ tí ẹ fi ní kí wọ́n dákẹ́?" Àwọn àgbà ilé wo ara wọn lójú.

Obìnrin kan wà, ìyá ọmọ náà ni. Ìyá tirẹ̀, ìyá àgbà tí wọ́n sin yìí, ló ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ọmọ náà dúró ti ìyá àgbà ní ọsibítù. Dókítà ní àwọn yóò fi irin rọ́pò oríkèé tó bàjẹ́, símẹ́ńtì tí wọ́n ń lò fún egungun ni yóò sì dì í mú.

"Símẹ́ńtì kẹ̀?" ni ìyá àgbà wí. "Ẹ má gbàgbé láti kùn mí lọ́dà o."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ó máa ń yọrí sí rere fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí a bá ń ki símẹ́ńtì náà bọ inú egungun, ọ̀rá inú egungun lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọkàn aláìsàn kò bá wá lágbára..."

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ dákẹ́ síbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "A kọ̀ ọ́. Kì í ṣe ìpín wa."

"Àmín," ni wọ́n dáhùn.

"Ó dáa, sà. Ṣé mímí kì í ni Màmá lára?" ni dókítà béèrè.

Obìnrin náà mọ̀ pé láti ìgbà òjò ni ìyá òun ti ń jókòó sùn, tí kì í rìn dé ẹnu ọ̀nà láìdúró mí. Ṣùgbọ́n ìyá ń wò ó, ẹnikẹ́ni kì í sì í ka àìsàn sí àgbà lára lójú rẹ̀ nílé wọn. Ó ní, "Ara Màmá le, sà."

Wọ́n gbé ìyá àgbà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ki símẹ́ńtì náà bọ inú egungun. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà já wálẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ sì dúró. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ títí, kò mí mọ́.

"Ó ṣì lè ṣẹlẹ̀ bí a bá tilẹ̀ mọ̀," ni dókítà sọ fún wọn nígbà tí obìnrin náà jẹ́wọ́ pé mímí ti ń ni ìyá òun lára. "Ṣùgbọ́n à bá ti múra dè é. Irin tí kì í lo símẹ́ńtì náà sì wà."

Ọmọ mi, ìwọ tí o fẹ́ gbé bàbá rẹ lọ fún iṣẹ́ abẹ, gbàdúrà rẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí dókítà sọ tirẹ̀ tán. Má fi ọ̀wọ̀ bo àìlera bàbá rẹ mọ́lẹ̀. Sọ ọ́, bó tilẹ̀ ń wò ọ́ lójú, kí ilé yín lè rí oorun sùn.