Ẹni Tí A Kò Lù ní Ọjà Màlúù

Ọkùnrin kan wà ní ìgbèríko ilẹ̀ Áyálándì tó ń sin màlúù. Félímù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Ní ọjọ́ ọjà ńlá, ó fa màlúù kan lọ tà. Ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni ẹni tó fẹ́ rà á, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ojú ìjà ni ìjọ méjèèjì fi ń wo ara wọn.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà wọn fún ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, oníbàárà á tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé ọwọ́ sókè, á sì fi gbogbo agbára gbá ọwọ́ ẹni tó ń tà: pàá! Ọjà ti tà nìyẹn. Kí ó tó dé ibẹ̀, wọn á ti pariwo títí.

"Màlúù yìí ti dàgbà ju bàbá mi lọ!" ni ọ̀rẹ́ Félímù ké.

"Ó sì gbọ́n ju ọmọ tí bàbá rẹ bí lọ!" ni Félímù fèsì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníbàárà gbé ọwọ́ sókè, ó gbá ọwọ́ Félímù. Ọmọ ìjọ Àgùdà kan lókèèrè rí ọwọ́ tó lọ sókè, kò rí èyí tó gbà á. Ó figbe ta: "Wọ́n ti ń lu èèyàn wa o!" Háà! Kùmọ̀ jáde, òkúta ń fò, orí ń fọ́!

Láti ọjọ́ náà, àwọn Àgùdà ń gbé Félímù gẹ̀gẹ̀ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ lù. Wọ́n ń ra ọtí fún un. Ó ń mu ún, ó dákẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lè yọjú sí ọjà mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà ńlá tún pé, àwọn èèyàn rẹ̀ kó iná àti kùmọ̀ wá. "Ilé ọkùnrin tó lù ọ́ yẹn la máa sun. Félímù, ṣíwájú wa!"

Ó gun orí kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan, ó kígbe: "Ẹnikẹ́ni kò lù mí! Màlúù ni mo tà!"

"Eyín mi méjì tó kán nínú ìjà náà ńkọ́?" ni ẹnìkan béèrè. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pe Félímù ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹ̀san lílù tí ẹni tí wọ́n ní a lù sọ pé wọn kò lu òun? Wọ́n sọ kùmọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ibẹ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó ju òkúta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìjọ méjèèjì ló ń sọ ti ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ yìí fún ọmọ wọn.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, bóyá àwọn ará ilé rẹ ń bá ẹnìkan jà nítorí rẹ lónìí, o sì mọ̀ pé onítọ̀hún kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Èmi kò lè parí ìjà yẹn, àlùfáà kò lè parí rẹ̀. Ìwọ nìkan ni. Dìde, ọ̀rẹ́ mi, lọ sọ fún wọn.