Gonroku, Ẹni Tó Tú Ilé Rẹ̀ Sínú Iná Nítorí Ìlù

Ọdún tí àwọn ará abúlé Hirase gba odò Tanase mọ́ àwọn ará Kuromi, aládùúgbò wọn, lọ́wọ́, omi tán lẹ́yìn ẹja. Abúlé kékeré ni Kuromi, lẹ́sẹ̀ òkè kan ní ilẹ̀ Japan, ìrẹsì nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbìn. Ìrẹsì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, omi ló ń fẹ́. Oko gbẹ, ebi dé, àwọn arúgbó kọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ ọwọ́ tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará Hirase, olójúkòkòrò gbogbo, di ọ̀kọ̀ mú létí odò, wọ́n ń wò wọ́n níran.

Òfin ilẹ̀ náà ni pé ibi tí ìró taiko, ìlù ńlá inú ojúbọ abúlé kan, bá dé, ibẹ̀ ni ilẹ̀ abúlé náà pin sí. Àwọn ará Hirase mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ́ wọ ojúbọ Kuromi, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ya awọ ìlù, kí wọ́n tó gba odò. Nígbà tí ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ olóyè agbègbè, ó dájọ́ kan: ní ọjọ́ tí òun dá, ìránṣẹ́ òun yóò dúró létí odò, bó bá gbọ́ ìlù Kuromi, Kuromi ló ni omi.

Kuromi pa màlúù kan ṣoṣo tó kù fún wọn, wọ́n gbé awọ rẹ̀ fún Gonroku. Gonroku ọkọ Osayo, a-gbẹ́-igi-di-ohùn, alápá líle tí í lu ìlù kí òkè ó dáhùn! Ó mọ̀ pé ó yẹ kí awọ gbẹ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó kàn án mọ́ ìlù ní tútù bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdájọ́, òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀, òjò ìkà tí kò tó rin oko, tó sì tó ba awọ jẹ́. Ó lu ìlù lẹ́ẹ̀kan. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn na ẹní tútù.

Bunemon, baálẹ̀ Kuromi, di orí mú. “Gonroku, èyí ò lè dé ẹnu ọ̀nà!”

“Iná nìkan ló lè mú un le, Baba. Ṣùgbọ́n níbo la ti fẹ́ rígi gbígbẹ?”

Gbogbo igi ìta ló tutù. Igi inú ilé nìkan ló gbẹ, gbogbo ilé ló sì ní ọmọ tí ebi ń pa nínú. Gonroku yíjú sí ilé tirẹ̀, níbi tí Osayo dùbúlẹ̀ àìsàn sí, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́.

“Baálé mi, kí lẹ̀ ń wò?” ni Osayo wí láti inú ilé. “Ẹ gbé mi síta, kẹ́ ẹ tú ilé.”

“Òtútù á pa ọ́, Osayo.”

“Ebi ti pa mí tán. Bí odò ò bá padà, ta ni yóò kù tí yóò gbé inú ilé ọ̀hún?”

Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní koríko lẹ́yìn ibi tí onílù ń dúró sí. Gonroku fọwọ́ ara rẹ̀ fa ilé ya, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, ó kó pákó rẹ̀ sínú iná. Awọ yá, ó le. Ó kígbe pé, “Ẹ̀yin ará Kuromi, ẹ má jẹ́ kí iná yìí kú! Bí mo bá dáwọ́ dúró, awọ á tún rọ̀, ó tán fún wa nìyẹn!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ilẹ̀ ń mì tìtì. Láàárín ìlù ni àwọn obìnrin fi igbe ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ohun tí igbe náà jẹ́. Kò wẹ̀yìn. Omijé bò ó lójú, ó ń lu ìlù lọ, títí ẹnìkan fi sáré dé láti odò pé ìránṣẹ́ ti gbọ́. Ìgbà yẹn ló tó yí padà, ó sì bá òkú Osayo tó ti tutù.

Omi padà sí oko Kuromi. Gonroku kò kọ́lé mìíràn mọ́ títí tó fi kú. Abẹ́ òrùlé ojúbọ ló ń sùn. Títí dòní, bí àkókò ìgbìn ìrẹsì bá dé, ilé kọ̀ọ̀kan ní Kuromi á yọ pákó kan lára ògiri wọn, wọn á fi dáná fún ìlù. Láàárín ìlù náà, gbogbo onílù á dáwọ́ dúró, wọn á yíjú sẹ́yìn wo aya wọn, kí wọ́n tó máa lù lọ.